Ikú Ilé Ló Pa Ajá Ológun

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí ni ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe àlọ́ ìjàpá o. Ìtàn àwọn ajá tó lọ sógun ni, àwọn ajá tí ọta ìbọn kò pa, tí àdó olóró kò pa, tí wọ́n wá ṣẹ̀jẹ̀ kú sí àgọ́ níbi tí ọ̀tá kò sí. Eégbọn ló ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀ṣọ́ inú ara wọn ló bá a parí iṣẹ́. Ẹni tó ń sin ajá, kó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹni tí kò sin ajá rí, ẹ̀kọ́ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí Amẹ́ríkà ń jagun ní Vietnam, wọ́n kó ajá lọ. Títí ogun náà fi parí, nǹkan bí 4,000 ajá ló bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, German shepherd ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan ń ṣọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú àti ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí lóru. Àwọn kan ń ṣáájú ọmọ ogun nínú igbó, wọ́n ń fi imú wá ọ̀tá tó lúgọ àti pàkúté tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sójú ọ̀nà. Àwọn Labrador ń tọ ipasẹ̀ ẹni tó ti sá lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ló padà délé láàyè nítorí pé ajá dúró lójijì, ó na etí, ó kọ̀ kò rìn mọ́.

Láàárín ọdún 1968, nǹkan yí padà. Ajá tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa á kàn ṣàdédé máa rẹ̀ ẹ́. Ibà á mú un. Oúnjẹ á sú u, á máa rù. Èrìgì rẹ̀ tó ti ń pọ́n tẹ́lẹ̀ á funfun. Bí wọ́n bá wo abẹ́ ikùn rẹ̀ níbi tí irun kò ti pọ̀, wọ́n á rí àmì pupa wínníwínní káàkiri, wọ́n á sì rí ojú ibi tó ti dúdú nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lù ú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà ní imú rẹ̀, tí kò ní fẹ́ dá mọ́. Nínú àwọn tó dé ìpele yìí, ọ̀pọ̀ kò pẹ́ kí wọ́n tó kú.

Àwọn dókítà ẹranko tó wà lójú ogun wò ó títí, ọ̀rọ̀ náà rú wọn lójú. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ni àrùn ìṣẹ̀jẹ̀ tí a kò mọ orísun rẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 1968 títí di oṣù kejìlá ọdún 1970, nǹkan bí 160 ajá ológun ni àrùn yìí pa. Àwọn German shepherd ló fojú winá rẹ̀ jù. Ajá tí àrùn náà sì mú tí kò kú, kò ṣeé gbé lọ sójú ogun mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tó dunni jù nínú ìtàn yìí ni pé àrùn náà ti fara hàn tẹ́lẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé. Ní ọdún 1935, àwọn onímọ̀ Faransé méjì, Donatien àti Lestoquard, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Pasteur ní orílẹ̀-èdè Algeria. Wọ́n kíyè sí i pé àwọn ajá tí eégbọn bò ń ní ibà, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń gbẹ. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, wọ́n rí kòkòrò àìfojúrí kan tó fi inú sẹ́ẹ̀lì funfun ṣe ilé. Òun ni ayé wá mọ̀ sí Ehrlichia canis. Ní ọdún 1963, ọdún márùn-ún ṣáájú ti Vietnam, irú àìsàn yìí kan náà jà láàárín àwọn ajá ológun Gẹ̀ẹ́sì ní Singapore. Nígbà tí àwọn oníṣègùn sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1967, àrùn tuntun ni wọ́n pè é. Kò sẹ́ni tó rántí Algeria. Àrùn tí wọ́n ti rí ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣáájú wá ń pa ajá bí ẹni pé òní ló dé ayé.

Ikọ̀ àwọn dókítà ẹranko ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan ló tú okùn náà. David Huxsoll wà lára wọn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ajá tó ń ṣàìsàn, wọ́n fi sí ara ajá tí ara rẹ̀ le, àìsàn kan náà sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi wo sẹ́ẹ̀lì funfun, wọ́n sì rí Ehrlichia canis tó kó ara jọ sínú rẹ̀. Ní ọdún 1969 wọ́n kọ̀wé sí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ẹranko, wọ́n béèrè bóyá òun ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Kò pẹ́ tí ìdáhùn fi dé pé òun ni. Ẹni tó ń gbé e láti ara ajá kan dé ara òmíràn ni eégbọn ajá aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ jù ní gbogbo ilẹ̀ olóoru. Oògùn tetracycline ràn wọ́n lọ́wọ́: àwọn ajá tí wọ́n tètè fún jẹ dìde. Àwọn tó ti pẹ́ lára wọn, tí mùdùnmúdùn eegun wọn ti gbẹ, oògùn kò rí wọn bá mọ́.

Nígbà tí ogun sì parí, ìwọ̀nba díẹ̀, nǹkan bí 200, ló padà sí Amẹ́ríkà nínú gbogbo ajá wọ̀nyẹn. Ìbẹ̀rù kí wọ́n má gbé àrùn wọlé wà lára ìdí tí wọ́n fi fi àwọn tó kù sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n fa àwọn kan lé ọmọ ogun Gúúsù Vietnam lọ́wọ́, wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa àwọn kan. Nínú ìwé ìjọba, ohun èlò ogun ni wọ́n ka ajá sí nígbà náà. Ọdún 2000 ni Ààrẹ Bill Clinton tó fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí àwọn ará ìlú gba ajá ológun tó ti fẹ̀yìn tì sọ́dọ̀.

Títí dé ibí yìí, ẹ ó rò pé eégbọn nìkan ló jẹ̀bi. Ó jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni kòkòrò tó ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì funfun ṣe wá sọ imú ajá di odò ẹ̀jẹ̀? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ikú ilé ti wọlé.

Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ajá, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú tèmi àti tiyín. Pupa ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Funfun ń bá àrùn jà. Ẹ̀kẹta, tó kéré jù nínú wọn, ni platelet. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó dí ihò. Ojoojúmọ́ ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ń ya díẹ̀díẹ̀ níbi tí a ti ń fò, tí a ti ń jẹun, tí a ti ń họ ara. Platelet á sáré débẹ̀, wọ́n á so mọ́ra wọn, wọ́n á dí i kí ẹni tó ni ara tó mọ̀. Nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ ajá kan, èyí tó kéré gan-an ju ẹ̀kán omi kan lọ, platelet kì í sábà dín ní 150,000. Bí wọ́n bá lọ sílẹ̀ ju 30,000 lọ, ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde fúnra rẹ̀. Àmì pupa wínníwínní tí ẹ rí lábẹ́ ikùn, ihò tí kò sẹ́ni tó dí i ni. Ọjọ́ mélòó kan péré ni platelet kan ń lò láyé, mùdùnmúdùn eegun ló sì ń pèsè òmíràn dípò rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì funfun ní ohun ìjà kan tí wọ́n ń pè ní antibody. Antibody á lẹ̀ mọ́ ara ọ̀tá, á fi àmì sí i, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ajẹ̀dọ̀tí lè mọ ẹni tí wọn ó gbé mì. Bí ara bá dá ṣáká, kò ní fi àmì náà sí ara ọmọ ilé. Ẹ fojú inú wo àdúgbò tó gba ọdẹ. Bí kò bá sí wàhálà, ọdẹ mọ ọmọ onílé, ó mọ àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí olè wọlé lóru ọjọ́ kan, kí ariwo ta, kí iná kú. Ọdẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn sí ohunkóhun tó bá mira. Kí ilẹ̀ tó mọ́, olè ti sá pamọ́ sínú àjà, ọmọ onílé ló kú sójúde. Antibody tó kọjú sí ara tó bí i nìyẹn. Bí platelet bá ti gba àmì náà, wọ́n di ẹran àpajẹ.

Ó pẹ́ kí ayé tó gbà pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀. Paul Ehrlich, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ Ehrlichia, wà lára àwọn tó ṣe ìpìlẹ̀ ìmọ̀ nípa antibody, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1908. Òun ló sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún pé ara kórìíra kó máa fi ohun ìjà rẹ̀ ba ara rẹ̀ jẹ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e di ọ̀rọ̀ náà mú bí òfin. Wọ́n ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí dókítà ọ̀dọ́ kan, William Harrington, wá fi ara rẹ̀ dán an wò ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1950.

Harrington ní obìnrin kan tó ń tọ́jú, tí platelet rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹ̀jẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń pa wọ́n. Harrington rò ó pé ohun náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà. Ó gba nǹkan bí ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n fà á sí òun lára. Láàárín wákàtí díẹ̀, platelet tirẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ibà mú un, gìrì mú un, ara rẹ̀ sì kún fún ojú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí iye platelet rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà. Àwọn mìíràn níbi iṣẹ́ rẹ̀ yọ̀ǹda ara wọn, ohun kan náà sì ṣẹlẹ̀ sí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1951. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni lè máa pa platelet ẹni. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé antibody ni. Ohun tó rí bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn rí bẹ́ẹ̀ lára ajá.

Ó wá ku ẹni tí yóò so eégbọn àti ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Ní ọdún 1995, Trevor Waner, Shimon Harrus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ísírẹ́lì fi Ehrlichia canis sí ara àwọn ajá kan, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Wọ́n rí i pé antibody tó ń lẹ̀ mọ́ platelet yọjú nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ajá náà. Ní ọdún 1998, wọ́n fi ajá tí wọ́n ti yọ spleen rẹ̀ wé èyí tí tirẹ̀ ṣì wà nínú. Spleen ni ẹ̀yà ara kan ní apá òsì ikùn, níbi tí ara ti máa ń gbé sẹ́ẹ̀lì tó ti gba àmì mì. Àwọn ajá tí kò ní in mọ́ ni àìsàn náà fúyẹ́ lára. A ò ní purọ́ pé antibody nìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ń jẹ platelet tán, nígbà tí àrùn bá sì pẹ́, mùdùnmúdùn eegun kò ní lè pèsè òmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ilé wà lára àwọn apànìyàn, a ti rí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà mìíràn, ẹ ò ní rí eégbọn kankan, ẹ ò sì ní rí kòkòrò kankan nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ara kàn yí padà láìsí olè. Àwọn dókítà ẹranko mọ èyí dáadáa. Ó wọ́pọ̀ lára Cocker spaniel, poodle àti Old English sheepdog, ó sì ń mú abo ju akọ lọ. Ajá tó ń sáré kiri lánàá lè jí lónìí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lójú, ìgbẹ́ dúdú àti èrìgì tó kún fún àmì pupa. Oògùn pàápàá lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn oògùn tí sulfa wà nínú wọn ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ajá mìíràn. Àrùn jẹjẹrẹ náà lè wà nídìí rẹ̀. Nítorí náà, dókítà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ wá gbogbo ohun tó lè fà á kó tó sọ pé ara ló kàn ń bá ara rẹ̀ jà. Bó bá sì dá a lójú, oògùn steroid ló máa fi tu ẹ̀ṣọ́ náà nínú, ó lè fi abẹ́rẹ́ vincristine kún un, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti gbẹ púpọ̀ wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ajá mìíràn sí i lára. Ọ̀pọ̀ ajá ló ń là á já. Àwọn kan ń tún un ní lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Èyí tó bá ti ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú ìfun kí ó tó dé ilé ìwòsàn, ìrètí tirẹ̀ kéré.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ wálé. Eégbọn tó pa ajá ní Vietnam wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Àwọn onímọ̀ ti rí Ehrlichia canis nínú ẹ̀jẹ̀ ajá àti lára eégbọn ní Nàìjíríà. Babesia tún wà, kòkòrò mìíràn tí eégbọn ń gbé, tó ń jẹ sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó sì ń mú platelet lọ sílẹ̀ bákan náà. Bẹ́ẹ̀, ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, German shepherd ni ọ̀pọ̀ onílé ń rà láti fi ṣọ́ ilé, irú ajá tí ogun Vietnam fi hàn pé kò lè fara da àrùn yìí. Ajá ọdẹ tó ń wọ inú igbó náà kò bọ́ níbẹ̀. Ẹ má sì rò pé ilẹ̀ tí àrùn kò tíì dé ti yọ. Ọsirélíà rò bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2020, kí wọ́n tó rí i lára àwọn ajá ní àríwá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ wọn. Láàárín ìgbà díẹ̀ ó ti tàn ká, ó sì pa ọ̀pọ̀ ajá ní àwọn ìletò ibẹ̀.

Kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe bí imú ajá bá ń ṣẹ̀jẹ̀? A ó ní wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ. A ó máa wo ojú aládùúgbò. Lóòótọ́, májèlé eku kan wà tó ń mú kí ajá ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀, oògùn rẹ̀ yàtọ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹlòmíràn á po Alabukun mọ́ omi, á rọ ọ́ sí ajá lẹ́nu nítorí pé ara rẹ̀ gbóná. Ásípírìn wà nínú Alabukun, ásípírìn sì ń sọ platelet di aláìlágbára. Ajá tí platelet rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìwọ̀nba tó kù ni a fi ọwọ́ ara wa dè lókùn yẹn. Ibuprofen náà burú: ó ń dá egbò sínú ikùn ajá, ẹ̀jẹ̀ á sì máa jáde níbi tí ojú kò tó. Ẹlòmíràn á da òtápiapia sí ara ajá kí eégbọn lè kú. Eégbọn lè kú lóòótọ́, ajá náà lè bá a lọ, ọmọ tó ń fọwọ́ kan ajá náà kò sì bọ́.

Àṣìṣe tó fara sin jù ni ti ẹni tó mọ díẹ̀. Ó ti gbọ́ pé steroid ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró fún ajá tí platelet rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó bá ra á ní ilé oògùn, ó ń gún ajá. Bó bá jẹ́ pé Ehrlichia ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ọdẹ ló ní kó lọ sùn yẹn, olè sì ṣì wà nínú àjà. Ajá á kọ́kọ́ dìde, á jẹun, inú onílé á dùn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mùdùnmúdùn eegun á ti gbẹ. Ajá tó bá ní àrùn eégbọn, doxycycline ni oògùn rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ dókítà, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì sábà máa ń lò ó. Ẹ má dá a dúró ní ọjọ́ karùn-ún nítorí pé ajá ti ń gbó. Àrùn yìí ní ìgbà tó máa ń fara pamọ́: ó lè wà lára ajá fún oṣù tàbí ọdún tí ajá á máa jẹun tí á máa sáré, kó tó tún yọjú pẹ̀lú agbára.

Bí ẹ bá gbé ajá lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko, irú èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó fún un ní oògùn. Ẹ̀rọ tó ń ka platelet sì lè ṣìnà. Platelet máa ń so mọ́ra nínú ìgò àyẹ̀wò, ẹ̀rọ á ka odidi ìdì kan sí ẹyọ kan, á ní wọn kò tó. Irú ajá kan sì wà, Cavalier King Charles spaniel, tí iye tirẹ̀ kéré láti inú ìdílé, tí kò sì ṣàìsàn. Dókítà tó bá fi ojú ara rẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi ló lè sọ òtítọ́ fún yín. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ajá ti lò fún un, ẹ má fi ọ̀kankan pamọ́ nítorí ìtìjú.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí fún onílé kò ṣòro. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí ní imú ajá, òpin ọ̀rọ̀ ni. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ etí, láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, lábẹ́ ìrù, níbi tí eégbọn máa ń fara mọ́. Wákàtí díẹ̀ tí eégbọn bá fi lẹ̀ mọ́ ajá ti tó kí kòkòrò àrùn wọlé, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ọjọ́ Sátidé tí ẹ máa ń wẹ ajá. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré fà á ní ìdí ẹnu rẹ̀, kí ó gún régé, ẹ má fi ìka tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ẹ béèrè oògùn eégbọn tó dára lọ́wọ́ dókítà ẹranko, ẹ sì máa lò ó lóṣooṣù bó bá ti ní kí ẹ lò ó. Ẹ má gbàgbé ilé ajá. Eégbọn yìí ń gun ògiri, ó ń wọ inú sísán, ó ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin síbẹ̀, ó sì lè wà fún oṣù púpọ̀ láìjẹun. Ẹni tó wẹ ajá tí kò tọ́jú ilé ajá, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ẹ sọ ọ́ di àṣà: lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ ṣí ètè ajá yín wo èrìgì, ẹ yí i sẹ́yìn wo ikùn rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì pupa wínníwínní, ojú ibi tó dúdú láìsí ìdí, ìgbẹ́ dúdú tàbí ẹ̀jẹ̀ ní imú, ẹ má fún un ní oògùn kankan nílé. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an. Àrùn tí a tètè mú, oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Èyí tí a jẹ́ kó wọ inú eegun, owó kò lè rà á padà.